Ẹ fi Yorùbá kọ́ wa ní Sípáníìṣì

Tí oṣù kẹfà bá ti wọlé lọ́dọọdún, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ Òkè Ìtasẹ̀ kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ yóò gbọ́ èdè tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún Ifá àgbáyé ló ń kó wọn wá: àwọn ará Kúbà, ará Puerto Rico, ará Mẹ́síkò, àtàwọn tí òbí wọn ti ibẹ̀ wá tí àwọn fúnra wọn ti di ará Amẹ́ríkà. Aṣọ funfun lọ́rùn, ìdè Ifá lọ́wọ́. Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwa ń yọ lẹ́nu wọn: aché, Changó, Ochún, moyugba, omi tuto. Ẹ kà wọ́n sókè, ẹ ó rí i pé àṣẹ, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, mo júbà àti omi tútù ni. Lẹ́tà ṣ kò sí nínú Sípáníìṣì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ch rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ní 1987, Ọọ̀ni ìgbà náà, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, lọ sí Kúbà, Fidel Castro sì gbà wọ́n lálejò. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá ńlá tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àlejò ń bọ̀, wọ́n á sì tún máa bọ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé àdúgbò náà mọ nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkíni. Ọ̀dọ́ kan á fẹ́ ṣàlejò. Á fẹ́ sọ pé ẹ wọlé, ẹ dúró díẹ̀, ẹ mu omi, ẹ sanwó níbí. Fóònù á jáde. Á tẹ Gẹ̀ẹ́sì sí i, fóònù á sọ ọ́ di Sípáníìṣì, àlejò á rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ yẹn, gbólóhùn àṣẹ ni. A kì í fi ìtàn bẹ̀rẹ̀ àlejò ṣíṣe, àṣẹ la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: wọlé, jókòó, gbà, jẹ. Nítorí náà, tí ọmọ Ifẹ̀ kan bá fẹ́ kọ́ ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo nínú gírámà Sípáníìṣì kí ọdún tó ń bọ̀ tó kò, gbólóhùn àṣẹ ni màá ní kó kọ́. Mo sì ní èrò kan lórí bó ṣe yẹ kó kọ́ ọ: kó má gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, kó gba ọ̀nà Yorùbá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àsọdùn nìyẹn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀, áàpù tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ló kún orí fóònù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún wa níbí. You kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní. Bàbá ẹni, you. Ọmọ ọdún méjì, you. Gbogbo èrò inú ọkọ̀, you. Sípáníìṣì ò rí bẹ́ẹ̀. Tú la ń pe ẹgbẹ́ ẹni, usted la ń pe ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, ustedes la ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé tí wọ́n kọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì á wá máa fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ṣàlàyé nǹkan tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ kó tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n tilẹ̀ ti nà án lórí ẹ̀ rí. Wọ́n á ní usted wà fún ibi tó bá jẹ́ formal. Ọmọ tó bá kà á á rò pé àfi kí ẹnìkan wọ kóòtù àti táì kí òun tó lè pè é ní usted. Irọ́ o! Ìyá àgbà tó jókòó síwájú ilé, tó ń ṣa ẹ̀wà, tí kò tilẹ̀ wọ bàtà, usted ni. Ẹni tí ẹ máa sọ fún pé "ẹ" ni usted. Ọ̀rọ̀ ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì pín sí ìdílé mẹ́ta, ìparí wọn la sì fi ń dá wọn mọ̀: -ar, -er, -ir. Hablar ni kéèyàn sọ̀rọ̀, comer ni kéèyàn jẹun, escribir ni kéèyàn kọ̀wé. Àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin ni mò ń sọ o. Àwọn olóríkunkun wà tí kì í tẹ̀ lé e, mẹ́jọ ló gbajúmọ̀ nínú wọn tó bá di àṣẹ fún tú, ẹ lè há wọn sórí lọ́jọ́ kan tí iná ò bá sí. Fún ẹgbẹ́ yín, ẹ gé r ìparí kúrò. Hablar á di habla, "sọ̀rọ̀". Comer á di come, "jẹun". Ìdílé -ir nìkan ló máa sọ i rẹ̀ di e: escribir á di escribe, "kọ̀wé", abrir á di abre, "ṣílẹ̀kùn". Ó parí.

Ẹ wo bó ṣe kúrú tó. Kì í sì í ṣe Sípáníìṣì nìkan ló ń ṣe é. Látìn ni ìyá Sípáníìṣì, tí ará Róòmù bá sì fẹ́ ní kí ẹnìkan fẹ́ràn nǹkan, ama lásán ló máa sọ, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe náà láìfi nǹkan kan kún un. Àwa ńkọ́? Wá! Lọ! Jẹ! Dìde! Ọ̀rọ̀-ìṣe ní ìhòòhò ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀pọ̀ èdè ayé, àṣẹ fún ẹnì kan wà lára àwọn ohun tó kúrú jù tí a lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí à ń bá wí wà níwájú wa, a ò nílò láti tún dárúkọ rẹ̀; ohun tó bá sì ń kánjú, a kì í so ìrù mọ́ ọn. Tí ejò bá yọ sáàárín èèyàn, "Sá!" la ń ké.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Tó bá di ọ̀dọ̀ usted, fáwẹ̀lì ìparí á pààrọ̀. Ìdílé -ar tó ti ń lo a á gba e: hable. Àwọn -er àti -ir á gba a: coma, escriba. Àfi bí ìgbà tí ọmọ ilé méjì pààrọ̀ aṣọ lọ́jọ́ ọdún. Tí àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá pọ̀, ẹ kàn fi n sí i: hablen, coman, escriban. Ẹ mú pasar, tí wọ́n máa ń lò láti fi pe àlejò wọlé. Pasa, "wọlé", fún ọ̀rẹ́ yín kan. Pase, "ẹ wọlé", fún bàbá kan. Pasen, "ẹ wọlé", fún gbogbo wọn.

Ṣé ẹ rí ọ̀fìn tó wà níbẹ̀? Yorùbá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. "Ẹ" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ó sì ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn. Sípáníìṣì pín iṣẹ́ náà fún ọmọ méjì. Ọmọ Yorùbá tó bá fi ìyára túmọ̀ "ẹ wọlé" fún bàbá kan ṣoṣo lè sọ pé pasen, bàbá náà á sì bojú wẹ̀yìn láti wo ta ló tún tẹ̀ lé òun. Mo kà á sí àǹfààní ni, kì í ṣe àléébù, torí àṣìṣe yìí kì í ṣe èyí tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Kò mọ̀ pé a lè ṣe é. Olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè rí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Kí ló dé tí fáwẹ̀lì fi ń pààrọ̀ gan-an? Ọ̀pọ̀ ìwé á ní ẹ ṣáà há a sórí. Èmi rò pé Yorùbá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Usted jẹ́ ìkékúrú vuestra merced, ìyẹn "àánú yín" tàbí "oore yín". Nígbà àtijọ́ ní Sípéènì, wọn kì í kojú ẹni ńlá kí wọ́n ní "ìwọ, wọlé". Ohun tí wọ́n ń sọ sún mọ́ "kí oore yín ó wọlé". Pase yẹn, "kí ó wọlé" ni ní ìpilẹ̀, ìfẹ́-ọkàn tí wọ́n fi bo àṣẹ mọ́lẹ̀. Ta ló wà nínú wa tó máa dé ààfin tó máa wo Ọọ̀ni lójú pé "jókòó"? "Kí Kábíyèsí ó jókòó" la máa sọ. A yí ojú àṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a fi "kí" ṣáájú, ó di àdúrà. Ohun tí Sípáníìṣì fi fáwẹ̀lì ṣe náà nìyẹn.

Ẹ ti gbọ́ Viva! rí, àbí? Nínú fíìmù, lórí bọ́ọ̀lù, lára fáńẹ́ẹ̀lì. Vivir ni kéèyàn wà láàyè, ọmọ ìdílé -ir tó ń tẹ̀ lé òfin. I jáde, a wọlé: viva. Viva el rey, "kí ọba ó pẹ́". Ẹnu tó ń ṣe "kí adé pẹ́ lórí" ti ń sọ irú gbólóhùn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni comamos, "ẹ jẹ́ ká jẹun": ẹ wo a tó jókòó sáàárín rẹ̀, ẹbí coma ni. Tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí "kí" àti "jẹ́ ká", ìdajì iṣẹ́ ti tán kó tó kọ nǹkan kan sójú pátákó.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ ló bára mu o. Ìgbà tí wọ́n ń lo usted yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Àwọn ará Kúbà máa ń tètè bọ́ sí tú pẹ̀lú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ní ibi tí ọmọ Yorùbá máa ti ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ní Bogotá ní Kòlóḿbíà, ọ̀rẹ́ méjì lè máa pe ara wọn ní usted láìsí ìjà kankan láàárín wọn. Ní Ajẹntínà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo tú rárá, vos ni wọ́n ń lò, àṣẹ rẹ̀ sì ń gbé ohùn lé ìparí: hablá, comé, escribí. Ní Sípéènì fúnra rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ bá pọ̀, hablad ni. Tí èyí bá dà bí ìdàrúdàpọ̀ lójú yín, ẹ rántí ilé. Ọmọ Oǹdó lè fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka èdè tirẹ̀, kí ará Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí fi ọwọ́ borí, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ọ̀dọ́ Ifẹ̀ ni pé kó fi usted bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá jù ú lọ. Tí àlejò bá fẹ́ tú, yóò sọ. Ó sàn kéèyàn bọ́ fìlà kí wọ́n ní kó dé e padà.

Ohun méjì mìíràn wà tí ọmọ Yorùbá fi síwájú àwọn yòókù. Àkọ́kọ́ ni ipò arọ́pò-orúkọ. Tí ará Kúbà bá ń ròyìn, "ó ń pè mí" ni me llama: me ló ṣáájú. Ìyẹn máa ń dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n tó bá di àṣẹ, me á sá sẹ́yìn, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: llámame, "pè mí". Ibi tí Yorùbá ń fi í sí gẹ́lẹ́! Cómpralo, "rà á". Ábrelo, "ṣí i". Escríbeme, "kọ̀wé sí mi".

Èkejì ni àmì orí lẹ́tà. Ẹ rí i lórí cómpralo? Kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa, sílébù tí wọ́n fi agbára tẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Compra kò nílò rẹ̀, àmọ́ tí lo bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti gùn, wọ́n á fi àmì sí i kí agbára náà má bàa ṣí kúrò níbi tó wà. Ó sì ń yí ìtumọ̀ padà. Compre ni "ẹ rà". Compré ni "mo rà". Hable ni "ẹ sọ̀rọ̀". Hablé ni "mo sọ̀rọ̀". Ẹni tí èdè rẹ̀ ní ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní wàhálà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì kankan sí i, mo rí yín. Ẹ ò ní rí compré kọ.)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí. Ilé-Ifẹ̀ níbí gan-an ni wọ́n ti dán an wò bóyá Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ dé ibi tó yẹ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àtàwọn nǹkan mìíràn fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà, àmọ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ mìíràn ń bá ètò àtijọ́ lọ, èyí tí wọ́n ti ń kúrò lórí Yorùbá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n wá orúkọ fún nǹkan tí Yorùbá ò tíì fún lórúkọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn yòókù yọ, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ tún ìyẹn kà. Èdè àjèjì tí wọ́n ní Yorùbá máa bàjẹ́ kò bàjẹ́.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Àríyànjiyàn yẹn ṣì ń gbóná, mi ò sì retí pé kí ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fi nǹkan kan hàn tí àwọn tó fagi lé e kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èdè abínibí dára fún àlọ́ àti oríkì, tó bá di ìmọ̀ gidi, kó yàgò. Tú àti usted, hable àti viva, llámame àti "pè mí": ìmọ̀ gidi nìwọ̀nyí, ó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń dí wa lójú níbẹ̀.

Ẹnìkan á béèrè pé kí la fẹ́ fi Sípáníìṣì ṣe, ṣé gbogbo wa la máa di amọ̀nà àlejò ni? Rárá. Àmọ́ Equatorial Guinea tó ń sọ ọ́ kò jìnnà sí Calabar, ó sì ní ìgbà kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, pàápàá láti ìlà-oòrùn, ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Fernando Pó nígbà náà, tó ti di Bioko. Sípáníìṣì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń lò. Tó bá sì jẹ́ ti owó, ẹ bi àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀ léèrè nípa oṣù kẹfà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò tóbi. Ní OAU, ẹ̀ka èdè ilẹ̀ òkèèrè wà, ẹ̀ka ẹ̀dá-èdè àti èdè Áfíríkà náà wà, wọn ò jìnnà síra wọn. Ìwé pélébé kan tí wọ́n jọ kọ, Yorùbá ní apá kan, Sípáníìṣì ní apá kejì, kí Gẹ̀ẹ́sì dúró síta, á tó láti bẹ̀rẹ̀. Kó ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá péré: pasar, esperar, hablar, mirar, comprar, comer, beber, subir, abrir, pagar. Kó kọ mẹ́ta mẹ́ta sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: fún ẹgbẹ́, fún àgbà, fún ọ̀pọ̀. Espera, espere, esperen: dúró, ẹ dúró, gbogbo yín ẹ dúró. Bebe, beba, beban: mu ún, ẹ mu ún, gbogbo yín ẹ mu ún. Ẹni tó bá há ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn sórí lè gba àlejò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí oúnjẹ láìfọwọ́ kan fóònù.

Pagar nìkan ni kí wọ́n fàlà sí nídìí. Paga fún ẹgbẹ́, àmọ́ fún àgbà, pague ni, pẹ̀lú u láàárín g àti e. Ìró ò yí padà, sípẹ́lì ló yí, torí tí Sípáníìṣì bá fi g ṣáájú e, ìró g gidi á sọnù, á di h tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. U yẹn kàn ń ṣọ́nà ni, a kì í pè é. Ẹ kọ ọ́ síwájú ìsọ̀ yín, pague aquí, "ẹ sanwó níbí", kí ẹ sì kọ iye ọjà gan-an sí abẹ́ rẹ̀, kí àlejò má bàa máa rò pé òyìnbó la fi òun pè.